Àwọn Àlejò Tí Badrudeen Fi Python Dá

Bí ẹ bá dé ọ́fíìsì wa ní Kàdúná lọ́sàn-án Jímọ̀, ẹ kò ní bá Badrudeen níbẹ̀. Ẹ lè lu tábìlì, ẹ lè pariwo pé ojú òpó ti kú, pé oníbàárà ń bú wa láti Àbújá, asán ni. Ó ti dé fìlà rẹ̀, ó ti lọ sí Doka lọ mú ìyá rẹ̀ lọ sí mọ́sálásí. Tẹ́lẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ọmọkùnrin yìí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín Jímọ̀ àti Mọ́ńdè. Èmi tí mo jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì ni mo máa ń rán an létí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń lọ kírun. Á ní, "Àǹtí Ṣadé, kọ̀mpútà ò mọ Jímọ̀." Á rẹ́rìn-ín, á sì yíjú padà sí iṣẹ́ rẹ̀.

Folúṣadé ni orúkọ mi. Ọmọ Kàbbà ni mí, ṣùgbọ́n Narayi ni mò ń gbé láti ìgbà tí mo ti wá ṣe agùnbánirọ̀ ní ìlú yìí tí n kò sì padà sílé mọ́. Iṣẹ́ mi ní ọ́fíìsì ni kí n máa bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀, kí n gba ìbínú wọn sára kó má baà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Wọ́n ní ẹnu mi mú. Bẹ́ẹ̀ ni, ó mú, n kò sì ní tọrọ àforíjì fún un. Ṣùgbọ́n bí àbúrò ni mo ṣe mú Badrudeen, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dùn mí títí di òní. Bí mo bá ń rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń fi kọ̀mpútà fọ́nnu káàkiri ìlú, òun ni mo máa ń rántí.

Doka ni wọ́n bí i sí. Ọmọ Ọ̀fà ni bàbá rẹ̀, iṣẹ́ rélùwéè ló gbé e wá sí Kàdúná. Ibẹ̀ ló ti gbéyàwó, ibẹ̀ náà ló kú sí nígbà tí Badrudeen ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ọmọ kan ṣoṣo ni. Ìyá rẹ̀, Alhaja Rashidat, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló dá tọ́ ọ. Iṣẹ́ Màmá ni kí ó máa fi abẹ́rẹ́ àti òwú ṣe ọnà sára fìlà, irú fìlà tó dúró ṣánṣán lórí tí àwọn Hausa ń pè ní hùlà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, kì í ṣe ẹ̀rọ. Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀ Zakiyyah, wọ́n á máa gún aṣọ náà ní ihò wẹ́wẹ́, wọ́n á máa fa òwú gbà á, ọ̀sẹ̀ á lọ, ọ̀sẹ̀ á bọ̀, kí fìlà kan tó parí. Àwọn alhaji ńláńlá láti Ungwan Rimi ń ránṣẹ́ sí i, nítorí ọnà ọwọ́ rẹ̀ kì í wọ́. Iṣẹ́ yìí ló fi rán ọmọ lọ sí pólì, òun náà ló fi ra láptọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ fún un, àlòkù kan tí bátìrì rẹ̀ ti kú kó tó dé ọwọ́ wọn.

Nínú ilé, Yorùbá ni ìyá ń sọ. Ọmọ á dá a lóhùn ní Hausa.

"Bádírù, wá jẹun."

"Ina zuwa, Màmá." Pé òun ń bọ̀. Kò sì ní wá.

Bí Màmá bá ní kó sọ èdè bàbá rẹ̀, á kàn dá Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọn ni. Èdè tó wù ú ju gbogbo wọn lọ ni Python. Python ni ọ̀kan nínú àwọn èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀mpútà, Badrudeen sì kọ́ ọ fúnra rẹ̀ nínú yàrá, níwájú fáànù tó ń ké. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ wa ní ọ́fíìsì, ó ti gbọ́ ọ débi pé ọ̀gá wa, Ernest, kò bi í léèrè ìwé ẹ̀rí kankan. Ernest kàn gbé iṣẹ́ kan síwájú rẹ̀. Kí Ernest tó mu tíì rẹ̀ tán, iṣẹ́ ti parí.

A máa ń kọ́ ojú òpó fún ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti àwọn ẹgbẹ́. Ohun tí Badrudeen yàn láàyò nínú iṣẹ́ wa ni bí wọ́n ṣe ń dán sáfà wò. Sáfà ni kọ̀mpútà tó ń gbàlejò. Bí ẹ bá ṣí ojú òpó kan lórí fóònù yín, sáfà kan níbì kan ló ń dá yín lóhùn. Bí àlejò bá pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan, á dákú. Nítorí náà, kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn fún aráyé, wọ́n máa ń rán àlejò èké sí i, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá yóò lè gbé wọn. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan wà tí wọ́n fi ń ṣe é. Kò ní àwòrán, kò ní bọ́tìnì, ojú dúdú lásán ni. Ẹ ó tẹ ìlà àṣẹ kan síbẹ̀, òun yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn sáfà. Kíkàn náà nìkan ló sì mọ̀. Kò mọ̀ pé èèyàn máa ń dúró kàwé kó tó tẹ nǹkan, tàbí pé ó máa ń ṣi nọ́ńbà fóònù ara rẹ̀ tẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe irinṣẹ́ náà fi àyè sílẹ̀ pé ẹni tó bá gbọ́ Python lè kọ ìwà tuntun kún un. Ibẹ̀ ni Badrudeen gbà wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá àlejò bí ẹni tó ń sọ ọmọ lórúkọ. Alhaji Sùúrù ni ẹni tó máa ṣí ojú ìwé tí á sì máa wò ó títí. Ìyá Oníkánjú ni ẹni tó máa tẹ bọ́tìnì, tí á tún un tẹ̀, tí á tún un tẹ̀, bí ohun tó fẹ́ kò bá tètè jáde. Bàbá Gbàgbé máa ń kọ orúkọ rẹ̀ síbi àdírẹ́sì. Bí wọ́n bá ń sáré kọjá lójú dúdú yẹn, gbogbo wa á kóra jọ sẹ́yìn rẹ̀, a ó máa rẹ́rìn-ín.

"Badiru, dis your Iya Onikanju," Ernest á wí, "na my wife be dat, I swear."

Ó wá ku bí àwọn àlejò náà yóò ṣe máa dé. Ṣé wọn ó máa wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, àbí ní ọ̀wọ̀ọ́wọ́? Màmá ti ń bẹ̀ ẹ́ tipẹ́ pé kó bá òun lọ sípàdé àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní ìlú, kí wọ́n lè mọ̀ pé òun bímọ. Lọ́jọ́ Sátidé kan ó gbà, inú Màmá dùn, ó fi aṣọ tuntun dárà. Kò mọ̀ pé nǹkan mìíràn ni ọmọ òun bá lọ. Wọ́n pe ìpàdé sí aago mẹ́rin. Badrudeen jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù lórí itan, ó ń kọ àkókò tí oníkálukú ń wọlé. Alága fúnra rẹ̀ kò dé títí oòrùn fi rọlẹ̀. Àwọn kan ń wọlé, wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n ń wá àga, títí dé orí àdúrà ìparí.

Ní Mọ́ńdè, ó sáré wá bá mi. "Àǹtí Ṣadé, mo ti mọ bí àwọn èèyàn wa ṣe ń dé. Wọn kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà láéláé. Wọ́n máa ń kán ni, bí ẹ̀rọ omi tó ń jò."

Bó ṣe kọ ọ́ sínú irinṣẹ́ náà nìyẹn. Àlejò díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n á máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n á wá máa dín kù. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ta ni kò mọ̀ pé òótọ́ ni?

Ní gbogbo àkókò yìí, ojú Màmá ti ń ṣe bákan. Zakiyyah ló ń bá a fi òwú sójú abẹ́rẹ́. Alhaji kan dá fìlà padà, ó ní ọnà rẹ̀ wọ́ lápá ẹ̀yìn. Màmá ní alhaji náà ń ṣagídí ni. Ó ti bẹ̀rẹ̀ fìlà kan fún Badrudeen nígbà náà, òwú búlúù lórí aṣọ funfun. Ó ní fìlà Jímọ̀ ni, pé bó bá parí, ojú yóò ti ọmọ òun láti fi irú rẹ̀ sílẹ̀ nínú àpótí, yóò sì máa lọ sí mọ́sálásí tipátipá. Ìgbà tí Badrudeen rí i tó ń fọwọ́ wá ife omi tó wà níwájú rẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù tó bà á. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú.

Gùlókómà ni dókítà pè é. Ó ní omi inú ojú ló ń ti iṣan tí Màmá fi ń ríran, ó sì ń pa á díẹ̀díẹ̀. Ó ní èyí tó ti lọ kò ní padà, àmọ́ bí wọ́n bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ìyókù á dúró. Ó ní kí wọ́n má jẹ́ kó pẹ́. Iye iṣẹ́ abẹ náà ju agbára wọn lọ.

Láìpẹ́ sígbà yẹn, bí ẹni pé Ọlọ́run gbọ́, àjọ aláàánú kan wá bá wa ní ọ́fíìsì. Wọ́n ní àwọn dókítà ojú ń bọ̀, wọn ó gba rélùwéè láti Àbújá wá sọ̀ ní Rigasa, wọn ó lo ọ̀sẹ̀ kan péré láti ṣe iṣẹ́ abẹ gùlókómà lọ́fẹ̀ẹ́. Àyè kò pọ̀. Wọn kò fẹ́ kí èrò tẹ ara wọn pa ní géètì ọsibítù tí wọ́n ti fẹ́ ṣe é, nítorí náà kí a kọ́ ojú òpó tí èèyàn yóò ti máa forúkọ sílẹ̀. Yóò ṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, ní aago méjì ọ̀sán. Wọ́n yan aago méjì kí àwọn Mùsùlùmí lè ti kírun tán. Wọ́n tún ní àwọn ti ránṣẹ́ sí àwọn lémọ̀mù káàkiri ìlú, ní Doka, ní Rigasa, ní Tudun Wada, ní Kawo, pé kí wọ́n kéde rẹ̀ lórí mínbárì: bí ìrun bá ti parí, kí ẹni tó bá ní aláìsàn gùlókómà nílé ṣí fóònù rẹ̀. Badrudeen jókòó níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Ó mi orí pé òun gbọ́.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo sún mọ́ ọn. "Badrudeen, fi orúkọ Màmá síbẹ̀ kó tó ṣí. Ta ni yóò mọ̀?"

"Rárá o, Àǹtí. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo èèyàn ó gbà. Èmi tí mo ṣe ilẹ̀kùn náà, ṣé èmi ni màá wá gba ojú fèrèsé wọlé?" Ó ní òun yóò jókòó síbi kọ̀mpútà òun, bí aago méjì bá ti lù, òun yóò tẹ orúkọ Màmá wọlé. Ó ní ta ló lè yára ju òun lọ?

Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì fẹ́ gbá a létí nítorí ọ̀rọ̀ yẹn kan náà.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú Jímọ̀ náà, ó tú àwọn àlejò rẹ̀ sílẹ̀. Alhaji Sùúrù wọlé, Ìyá Oníkánjú wọlé, Bàbá Gbàgbé wọlé, àwọn àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbejì wọn, wọ́n ń kán wọlé bó ṣe kọ ọ́. Sáfà náà gbé wọn pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ernest bi í bóyá kí a yá sáfà tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kò sí ìdí, kí a má fi owó aláàánú ṣòfò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo fi mọ́tò mi gbé e lọ sí Doka, nítorí mo fẹ́ kí Màmá. Òun àti Zakiyyah, tí dókítà sọ pé gùlókómà ti ń bẹ̀rẹ̀ lójú òun náà, jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Fìlà búlúù yẹn wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ṣe nǹkan kan lára rẹ̀.

"Èmi àti Zakiyyah ti fẹnu kò," Màmá sọ. "Bí a bá ti kírun àsùbá lọ́la, a ó lọ dúró ní géètì ọsibítù. Wọ́n ní wọn ó mú díẹ̀ nínú àwọn tí kò ní fóònù."

"Haba, Màmá! Kí lẹ fẹ́ lọ dúró sínú oòrùn fún? Èmi ni mo ṣe nǹkan yìí. Ẹ jókòó sílé. Bí aago méjì bá ti lù báyìí, orúkọ yín ti wọlé."

"Bí ó bá wá kọ̀ ńkọ́?"

"Kò lè kọ̀. Mo ti dán an wò."

Zakiyyah mi orí. "Ni dai zan je," ó wí. "Ban yarda da waya ba." Òun yóò lọ ní tòun, òun kò fọkàn tán fóònù.

Màmá kọ́kọ́ kọjú síbi tí ohùn Zakiyyah ti wá, lẹ́yìn náà ó kọjú síbi tí ohùn ọmọ rẹ̀ ti wá. Ó rẹ́rìn-ín. "Toh," ó wí, "ọmọ mi ló ṣe é. Èmi ó jókòó sílé." Pẹ̀lú ìyangàn ló fi sọ ọ́. Ohùn yẹn kò tíì kúrò ní etí mi.

Nígbà tó di Jímọ̀, gbogbo wa wà lẹ́yìn àga Badrudeen. Aago méjì lù. Ó ti kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ de àkókò náà, ó ṣí ojú ìwé, ojú ìwé náà sì funfun báláú. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò jáde. Ó tún un tẹ̀, ó tún un tẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti di Ìyá Oníkánjú, n kò sì rí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú wa.

"Wetin happen?" Ernest bi í.

Badrudeen ti ṣí ojú dúdú rẹ̀, ó ń wo bí àwọn èèyàn ṣe ń wọlé. Kò sí ẹni tó ń kán. Odindi ìlú ló dé lẹ́ẹ̀kan náà. Sáfà ti dákú.

Mo yíjú sí fèrèsé. Mọ́sálásí kan wà lódìkejì títì wa, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni. Àwọn ọkùnrin ń jáde nínú aṣọ funfun, ọ̀pọ̀ wọn kò tíì wọ bàtà. Wọ́n tẹrí ba, fóònù wà lọ́wọ́ wọn, iná rẹ̀ ń tàn sí wọn lójú. Wọ́n ti pa á nígbà tí wọ́n ń wọlé. Gbogbo wọn ló ń dúró de sàlámà tó ń parí ìrun, gbogbo mọ́sálásí tó wà ní ìlú, kí wọ́n tó tàn án.

"Badrudeen," mo ní, "wo ìta."

Ó dìde, ó wo ìta.

"Mo gbàgbé sàlámà," ó wí. Ó wá jókòó sórí ilẹ̀, kì í ṣe sórí àga.

"Ìrun Jímọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni, Àǹtí," ó sọ fún mi lẹ́yìn náà. Àwọn èèyàn kan náà tó ń pẹ́ dé ìpàdé ni wọ́n ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní mọ́sálásí, tí wọ́n ń forí balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì ń dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní láti kékeré ni òun ti mọ̀ ọ́n. Bàbá òun ló ń fa òun lọ́wọ́ lọ. Ó ní ká sọ pé òun lọ lẹ́ẹ̀kan péré nínú ọdún yẹn, òun ìbá ti rántí.

Ó gbé sáfà dìde, ó tún ṣubú. Ó tún gbé e dìde. Nígbà tó fi máa dúró dáadáa, fóònù mi dún. Àjọ náà ni. Wọ́n ní èrò ti kún géètì ọsibítù, ọ̀rọ̀ ti fẹ́ dìjà, nítorí náà àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀ ni wọ́n mú, àyè sì ti kún. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Irú ìdúpẹ́ bẹ́ẹ̀, n kò gbà á rí.

Èmi ni mo sọ fún un. Ó wọ kèké lọ sí Doka, ó gbé Màmá, ó gbé e lọ sí ọsibítù náà. Wọ́n ti ti géètì. Ó bẹ ẹ̀ṣọ́, ó bẹ nọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé, ó kúnlẹ̀. Zakiyyah, tó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀, tí wọ́n sì ti fún ní nọ́ńbà, fẹ́ bọ́ nọ́ńbà náà fún Màmá. Màmá kọ̀. Ó ní ojú Zakiyyah náà, ojú ni.

Nínú kèké, nígbà tí wọ́n ń padà, ó bi ọmọ rẹ̀ pé kí ló ṣẹlẹ̀.

"Nẹ́tíwọ̀kì ni, Màmá," Badrudeen dáhùn.

"Toh. Nẹ́tíwọ̀kì wa náà, a kúkú mọ̀ ọ́n."

Ó sọ èyí fún mi lọ́jọ́ kejì. Mo ní kó padà lọ sọ òótọ́ fún ìyá rẹ̀. Ó ní òun yóò sọ ọ́. Mo béèrè lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó ní òun yóò sọ ọ́. Nígbà tó yá, mo dákẹ́, nítorí kò sí bí mo ṣe fẹ́ ti ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ.

Kò káwọ́ gbera o. Ó ta ohun tó ní, Ernest ràn án lọ́wọ́, a dáwó jọ ní ọ́fíìsì. Nígbà tí a máa fi rí i kó jọ, oṣù mélòó kan ti lọ. Ó mú Màmá wọ rélùwéè ní Rigasa lọ sí Àbújá. Dókítà ibẹ̀ fi iná wo ojú rẹ̀ títí, ó sì sọ pé wọ́n pẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ sí i, Màmá kò rí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà mọ́. Fìlà búlúù yẹn dúró síbi tí ọnà rẹ̀ dé, apá kan ní ọnà, apá kejì funfun lásán. Zakiyyah, tí ojú rẹ̀ dúró, ní òun yóò bá a parí rẹ̀. Màmá ní kó fi í sílẹ̀.

Badrudeen tún irinṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ó kọ ìwà tuntun kún un pẹ̀lú Python: àwọn àlejò yóò dúró síta, wọn kò ní kan ilẹ̀kùn, wọn ó máa dúró, lẹ́yìn náà gbogbo wọn yóò wọlé ní ìṣẹ́jú kan náà. Ó pè é ní Jímọ̀. Bó bá ń dán sáfà wò, ọ̀rọ̀ yẹn ló máa ń tẹ̀ sí ìparí ìlà àṣẹ rẹ̀. Ó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn èèyàn ìlú òkèèrè ń lò ó, wọ́n ń kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, kò sí ojú òpó wa kan tó tún ṣubú. Ernest ń fi í yangàn fún oníbàárà. Bí mo bá yìn ín, á ní, "Àǹtí, ó yẹ kó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀." Kò tún dá àlejò kankan tó ní orúkọ mọ́.

Yorùbá ló fi ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn báyìí. Bí Màmá bá pè é jẹun, á ní, "Mò ń bọ̀, Màmá," á sì wá lóòótọ́. Ní gbogbo Jímọ̀, á fà á lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà àwọn obìnrin ní mọ́sálásí Doka, á fà á lé Zakiyyah lọ́wọ́, á sì kọjá sí tàwọn ọkùnrin. Fìlà aláàbọ̀ ọnà yẹn ló máa ń dé. Àwọn kan rò pé àrà tuntun ni.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, òjò ń rọ̀, kò sí kèké, mo bá fi mọ́tò mi gbé wọn. Mo dúró sábẹ́ ìbòrí tó wà níta, mò ń gbọ́ ohùn lémọ̀mù. Nígbà tí wọ́n ṣe sàlámà tán, gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni fóònù bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ ohùn tí fóònù máa ń ṣe bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án. Ọ̀kan dún, òmíràn dún, kíá gbogbo ọgbà ti gbà á.

Zakiyyah fa Màmá jáde. Badrudeen ti ń dúró, ó na ọwọ́ sí i. Màmá yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ń gbọ́ àwọn fóònù.

"Nẹ́tíwọ̀kì ti wá dáa ní Doka," ó wí.

Mo wo Badrudeen. Mo rò pé yóò tún jẹ́ kó kọjá, bó ṣe máa ń jẹ́ kó kọjá.

"Màmá," ó ní, "lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì. Èmi ni. Èmi ni mo ṣì í ṣe."

Màmá gbé ọwọ́ sókè, ó wá orí ọmọ rẹ̀, ó fi ìka tọ ọnà fìlà náà títí ó fi dé ibi tí òwú ti tán.

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì," ó wí. "Bí ó bá jẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ni, o kò ní máa tẹ̀ lé mi wá síbí ní gbogbo Jímọ̀."

Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó di apá rẹ̀ mú, ó ní kí a máa lọ, pé òjò ń pa òun.